KỌ̀ǸPÚTÀ KÒ MỌ IBI TÍ Ẹ JÓKÒÓ SÍ O! Ẹ fi tépù wọn ilẹ̀ kí wọ́n tó yẹ ojú yín wò

Àwọn àgbà ní ojú tí yóò báni kalẹ́, kì í ti òwúrọ̀ ṣepin. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Òṣòdì, ẹ̀yin tó ń ná ọjà Aswani ní Túsìdeè, ẹ̀yin aránṣọ, mẹkáníìkì àti wẹ́dà Ìsọlọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ojú lẹ fi ń ka owó, ojú lẹ fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Bí ojú bá lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn.

Páálí lẹ́tà tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, Dókítà Herman Snellen, ará Holland, ló gbé e jáde lọ́dún 1862. Lónìí, kọ̀ǹpútà àti fóònù náà ti ń ṣe iṣẹ́ páálí yẹn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: kọ̀ǹpútà kò mọ bí ẹ ṣe jìnnà sí i tó. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ ló ń sọ fún un. Bí onítọ̀hún bá sọ irọ́ fún un, irọ́ náà ni yóò sọ fún yín.

Tí wọ́n bá ní ojú èèyàn jẹ́ 6/60, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí ojú tó dá ṣáṣá ń rí láti mítà 60, àfi kí onítọ̀hún sún mọ́ ọn dé mítà 6. Ojú tó dá ni wọ́n ń pè ní 6/6. Ní mítà 6, lẹ́tà 6/6 kò ga tó mìlímítà 9. Bí ṣọ́ọ̀bù kò bá gùn ju mítà 3 lọ, lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ kéré dé ìdajì.

Ká ní wọ́n sọ fún kọ̀ǹpútà pé mítà 3 ni aránṣọ kan jókòó sí, àmọ́ tó jẹ́ mítà 2 péré. Lẹ́tà á tóbi lójú rẹ̀, á kà á kíá, wọ́n á ní, "Màdáámú, ojú yín dá." Ojú tó ń fẹ́ ìtọ́jú á padà sílé. Tó bá wá jìnnà jù ńkọ́? Wọ́n lè ta gíláàsì tí kò nílò fún un, owó ọjà á sì wọgbó.

Báwo ló ṣe yẹ kí wọ́n gbé e kalẹ̀?

Àkọ́kọ́, síkírìnì. Ọ̀pọ̀ irú ètò yìí máa ń ya àwòrán káàdì. Kí wọ́n gbé káàdì ATM lé e, kí wọ́n fa àwòrán náà títí tí méjèèjì yóò fi dọ́gba. Báńkì yòówù kó jẹ́, mìlímítà 85.6 ni gígùn káàdì. Àmọ́ ọwọ́ yín ni kó wà o, ẹ má sọ PIN fún ẹnikẹ́ni!

Ìkejì, ilẹ̀. Ẹ má fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Tépù aránṣọ jẹ́ sẹ̀ntímítà 150. Ẹ nà án lẹ́ẹ̀mejì, mítà 3 nìyẹn. Láti síkírìnì dé ojú yín ni, kì í ṣe dé ẹsẹ̀ àga.

Ìkẹta, ìmọ́lẹ̀. Kí wọ́n nu síkírìnì, kó tàn dáadáa, kí oòrùn ẹnu ọ̀nà má sì kọ mànà lójú rẹ̀. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ kú sábà máa ń dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù.

Ìkẹrin, ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo èkejì, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ní gíláàsì ọ̀nà jíjìn, kó wọ̀ ọ́. Kí lẹ́tà máa yí padà, torí ẹni tó tò sẹ́yìn ti ń gbọ́ ohun tí ará iwájú ń kà. Ẹni tí kò kàwé, kó má tijú: lẹ́tà E ni wọ́n á gbé síwájú rẹ̀, á fọwọ́ júwe ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí.

Tí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, ó ń ṣiṣẹ́. Ní Kenya, Dókítà Andrew Bastawrous àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán irú rẹ̀ wò lórí fóònù. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2015 fi hàn pé èsì rẹ̀ bá ti páálí mu dáadáa. Mítà 2 ni tiwọn. Ètò kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀, kí ẹ bèèrè.

Síbẹ̀, ẹ má tìtorí 6/6 sùn fọnfọn. Àìsàn kan ń bẹ tí wọ́n ń pè ní glaucoma. Olè ni! Ẹ̀gbẹ́ ojú ló sábà máa ń kọ́kọ́ jí, àárín á ṣì máa ka lẹ́tà kékeré. Èyí tó bá sì ti jí lọ, kò ní padà mọ́. Ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún, tàbí tí òbí rẹ̀ ní in, kó lọ bá dókítà ojú, kó wọn ìfúnpá ojú rẹ̀, kó sì wo ẹ̀yìn ojú. Láti Òṣòdì, LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí Guinness Eye Centre wà, kò jìnnà.

Kọ̀ǹpútà lè ṣọ́ ẹnu ọ̀nà o, ṣùgbọ́n dókítà ló ń wọlé wo yàrá. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù.