Fífi Date Kan Ka Oṣù: Èrò Mi lórí JavaScript

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ alájọ ni n óò ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú ọjà, ní Òṣòdì àti ní Ìsọlọ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ lórí káàdì àjọ, títí dé 31. Kò sí alájọ tí yóò pa àmì àná rẹ́ kí ó lè kọ tòní sí ojú kan náà, kí ó wá ní òun ń ṣọ́ káàdì lò.

Èmi ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kọ ètò kọ̀ǹpútà fún alájọ kan ní Ìsọlọ̀. Mo rò pé dídá Date tuntun lójoojúmọ́ yóò fi àyè ṣòfò, ni mo bá dá ẹyọ kan, tí mo ń fi setDate sún un síwájú, tí mo sì ń tò ó sínú àkọsílẹ̀. Nígbà tí a ṣí àkọsílẹ̀ náà, ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù ni gbogbo owó ń jẹ́! Ọpẹ́lọpẹ́ káàdì ọwọ́ àwọn oníbàárà, ìjà ì bá dé.

Kí ló fà á? JavaScript kò ṣe ẹ̀dà Date fún mi. Ẹyọ kan ṣoṣo ni gbogbo ìlà ń tọ́ka sí. Bí mo ti yí i padà, gbogbo wọn yí. Fífún ènìyàn kan ní orúkọ 31 kò sọ ọ́ di ènìyàn 31.

Ní tèmi, dídá tuntun ló dára. Nọ́ńbà kan péré ni Date ń gbé: iye ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1970. Ẹyọ 31 kò ni kọ̀ǹpútà lára rárá. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dà, ẹ kọ new Date(ọjọ́.getTime()). Ibi tí ìtúnlò ti wúlò ni ìṣirò tí a ń tún ṣe ní àìmọye ìgbà, tí a kò sì ní tọ́jú ọjọ́ kankan nínú rẹ̀. Níbẹ̀, setTime lè dín iṣẹ́ kù. Kódà níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wọn ìyàtọ̀ náà ná.

Láti 1995 tí Brendan Eich ti ṣe JavaScript, tí wọ́n wo Date ti Java kọ tirẹ̀, ni àléébù yìí ti wà. Temporal, tí Firefox gbé jáde ní 2025, kò gba àyípadà mọ́: bí ẹ bá fi ọjọ́ kan kún un, tuntun ni yóò fún yín.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ìṣirò kọ́kọ́ tọ̀nà, lẹ́yìn náà kí á wá ìyára. Owó olówó wà nínú rẹ̀. Ire o.