Lẹ́yìn ọsibítù, agboolé ló kù: Ìtọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú sí lára

Bí ọ̀rọ̀ oògùn olóró bá wọ ilé kan ní Oníyanrìn, Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba n'Ìbàdàn, ohun tí àwọn òbí sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Wọn yóò ní àárẹ̀ ló ń ṣe ọmọ, wọn yóò ní ayé ló ń ṣe é. Ìgbà tí ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé ni àṣírí yóò tú. Àwọn kan á lé e jáde, àwọn kan á wọ́ ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn. Àwọn mìíràn á gbé e lọ sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwọn tó gba ọsibítù lọ ló mọ̀ pé ọjọ́ tí ọmọ bá padà wálé ni iṣẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Nínú ìwádìí tí àjọ UNODC ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti NBS, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìṣirò, ṣe, ó hàn pé mílíọ̀nù 14.3 ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró ní 2017. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6 ló lo oògùn ìrora bíi tramadol, codeine àti morphine láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nǹkan bíi ènìyàn 23 nínú 100 ló lo oògùn olóró lọ́dún náà. Èyí tó bani nínú jẹ́ jù ni pé nínú àwọn tí tiwọn ti le jù, nǹkan bíi 40 nínú 100 ló ní àwọn fẹ́ ìtọ́jú, àwọn kò rí i gbà. Owó wà lára ohun tó dínà mọ́ wọn, ìtìjú náà sì wà ńbẹ̀.

Ìjọba kò ṣàì gbìyànjú láti dí ojú ọ̀nà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2018, lẹ́yìn tí BBC tú àṣírí àwọn tó ń ta oògùn ikọ́ oní-codeine lábẹ́lẹ̀, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé. Síbẹ̀, bí ilẹ̀kùn kan ṣe ń tì ni òmíràn ń ṣí. Ní oṣù kejì ọdún 2025, BBC tún fi hàn pé ilé-iṣẹ́ kan ní Íńdíà ń fi oògùn tí wọ́n fi tapentadol àti carisoprodol pò ránṣẹ́ sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà. Íńdíà fòfin dè é lóṣù náà gan-an. Òfin báyìí lè gba ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò lè wo ẹni tó ti há sínú rẹ̀ sàn.

Ìdí ni pé irú oògùn yìí máa ń mọ́ni lára débi pé ìwọ̀n tó tó ènìyàn lánàá kò ní tó o lónìí. Bí kò bá rí i lò, eegun yóò máa ro ó, òógùn yóò bò ó, inú yóò máa run ún, oorun yóò sì dá lójú rẹ̀. Ẹni tó bá rí ọmọ nínú ipò yìí tó ní ìwà ìpáǹle lásán ni kò tíì mọ ohun tó ń bá a jà. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ìtọ́jú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ níbì kan ní Òjòó, n'Ìbàdàn níbí, tí wọ́n ń pè ní ibi àtúnṣe ìwà. Ó rọrùn láti bú àwọn ẹbí tó ń mú ọmọ lọ sí irú ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ibòmíràn tí yóò gbà ni ọ̀pọ̀ wọn. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti gba ipò òfin àtijọ́ ti 1958. Ó ku kí ìtọ́jú tí òfin náà ń sọ dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù.

Ìbàdàn kò ṣàìní ibi tí a lè lọ. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH, kò sì jìnnà sí Oníyanrìn. Ọsibítù Aró wà l'Ábẹ́òkúta. Àjọ NDLEA náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ 0800 1020 3040 fún ẹni tó ń wá ìrànwọ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti fi methadone àti buprenorphine sára oògùn tí kò gbọ́dọ̀ wọ́n láti ọdún 2005, nítorí pé wọ́n ń dín ìyà náà kù, wọ́n sì ń jẹ́ kí ènìyàn lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ìparí ọdún 2014 ni wọ́n ti ń fi methadone tọ́jú ènìyàn ní ọsibítù Fann ní Dakar, olú-ìlú Sẹ̀nẹ̀gà. Ohun tó ṣeé ṣe ní Dakar kò yẹ kó di èèwọ̀ níhìn-ín.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí gbogbo ẹbí gbọ́dọ̀ mọ̀. Ara ẹni tó ti fi oògùn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò lè gba ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá fi ìwọ̀n àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ padà, ó lè dá èémí rẹ̀ dúró. Bí ẹ bá pè é tí kò jí, tí kò mí dáadáa, ẹ má ṣe ní ó ń sùn, ẹ má sì rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ẹ dá a ní ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kí ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù, níbi tí wọ́n ti lè fún un ní naloxone. Ìdí nìyí tí lílé ọmọ jáde lẹ́yìn ìtọ́jú fi léwu: bó bá ṣubú níbi tó dá wà, ta ni yóò rí i?

Ibí yìí ni iṣẹ́ mọ́gàjí àti àwọn àgbà agboolé wà. Kí wọ́n yan ẹnìkan tí yóò máa tẹ̀lé e lọ bá dókítà. Kí wọ́n bá a bẹ ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ kó gbà á padà, nítorí ọwọ́ tó dilẹ̀ ni jọ́ọ̀ǹtì ń pè. Kí wọ́n kìlọ̀ fún àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ àná bú u. Bó bá sì tún fẹsẹ̀ kọ, kí wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ oníṣègùn, kì í ṣe sí ìta. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ kan na ọmọ, à á fi ọwọ́ kejì fà á mọ́ra. Ó ti pẹ́ tí a ti ń lo ọwọ́ àkọ́kọ́.