Kí Òfin Má Pa Ẹ̀sìn, Kí Ẹ̀sìn Má Sì Pa Ènìyàn

Nígbàkúùgbà tí ọjọ́ Orò bá súnmọ́ ní Pobè àti Sakété, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àwọn kan á ní kí ìjọba fòfin de Orò pátápátá, pé ayé ti là jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn á ní ìlú ló ni Orò, pé ẹni tí kò bá lè gbélé kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Àríyànjiyàn náà kì í tán, nítorí ìhà méjèèjì ló ní ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Lónìí, a fẹ́ sọ èrò tiwa.

Èrò tiwa kò ṣòro. Ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fòfin de ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn kankan, ìbáà ṣe ti ìbílẹ̀, ti Kìrìsìtẹ́nì tàbí ti Mùsùlùmí, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fìyà jẹ ẹni tí kò sí nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí òfin dúró sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá àwọn tó ń fẹ́ ìfòfindè lóhùn. A ti ṣe é rí nílẹ̀ yìí, a sì rí ibi tó já sí. Lẹ́yìn tí Mathieu Kérékou gba ìjọba ní ọdún 1972, tó sì kéde ní ọdún 1974 pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni a ó máa tọ̀, ìjọba gbógun ti ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Wọ́n gé igi òrìṣà lulẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní nǹkan bí ọdún 1975 sí 1976, wọ́n mú àwọn arúgbó, pàápàá àwọn obìnrin, pé àjẹ́ ni wọ́n. Wọ́n gba ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ní ọdún 1976, wọ́n fòfin de àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà.

Kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀? Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ń pàdé níkọ̀kọ̀ títí wọ́n fi mú òfin náà kúrò lórí wọn ní ọdún 1990. Àwọn olórìṣà gbé tiwọn wọ inú ilé lọ. Nígbà tí nǹkan wá dojú rú fún ìjọba náà, bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì kan, Isidore de Souza, ni gbogbo ìlú fi ṣe alága àpérò ńlá oṣù kejì ọdún 1990. Òfin ọdún 1997 ló fi ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní lélẹ̀ nígbà náà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìsinmi fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ jákèjádò Bẹ̀nẹ̀. Ìjọba tó ní òun yóò pa ẹ̀sìn ti lọ, ẹ̀sìn ṣì wà. Àwọn tí ìyà náà jẹ kò sì rí ẹni sanwó ìtanràn fún wọn.

Ìdí nìyí tí òfin ńlá ilẹ̀ wa, èyí tí a fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 1990, fi sọ ọ́ gbangba ní abala 23 pé olúkúlùkù ló ní òmìnira láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀, bí kò bá ti ba àlàáfíà ìlú jẹ́. Ẹni tó bá ní kí a fòfin de Orò lónìí, kó rántí pé òfin tó bá lè ti igbó Orò lè ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí lọ́la.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká ka abala kan ká fi èyí tó kù sílẹ̀. Abala 25 nínú òfin kan náà ní olúkúlùkù ló lè lọ kó sì bọ̀. Abala 26 ní ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba lójú òfin. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Orò ti le. Gbogbo wa la mọ̀ pé obìnrin kì í fojú kan Orò. Bí Orò bá jáde, gbogbo obìnrin ìlú ló ń wọlé, olórìṣà ni o, Kìrìsìtẹ́nì ni o, Mùsùlùmí ni o. Bí ó bá jẹ́ òru lásán, ọ̀pọ̀ ló ń sùn. Bí ó bá di ọ̀sán, tàbí tí ó bá di ọjọ́ mélòó kan láìkéde, ìyá tó ti ra tòmátì sílẹ̀ ńkọ́? Owó àwìn ni ó fi rà á. Tòmátì kò mọ Orò, jíjẹrà ni yóò jẹrà.

Èyí tó burú jù ni ti ìlera. Aboyún tí ìrọbí mú lọ́jọ́ Orò, ta ni yóò gbé e dé ilé ìwòsàn? Bí ó bá tilẹ̀ débẹ̀, ṣé agbẹ̀bí yóò wà níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé obìnrin ni ọ̀pọ̀ agbẹ̀bí, tí òun náà wà nínú ilé tó ti ilẹ̀kùn? Àwa tí à ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti júbà àwọn ìyá wa, tí gbogbo ayé fi mọ̀ wá débi pé UNESCO kà á mọ́ ohun iyebíye ọmọ aráyé ní ọdún 2001, ṣé àwa la ó wá jẹ́ kí ìyá ọlọ́mọ kú sínú yàrá nítorí pé kò sí ẹni tó lè ṣílẹ̀kùn fún un?

Àwọn àgbà awo lè bi wá pé: ṣé Orò nìkan ló ń yọ ìlú lẹ́nu ni? Ìbéèrè náà tọ́. Gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ké mọ́jú kò jẹ́ kí aláìsàn sùn. Ti mọ́sáláṣí náà wà níbẹ̀. Láti ọdún 2001 ni ìjọba ti ní àṣẹ lórí ariwo nílẹ̀ yìí, àmọ́ ta ló ń pa á mọ́? Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2017, ní Adjarra lẹ́bàá Àjàṣẹ́, àwọn ọmọ ìjọ kan ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn láti gbàdúrà, èéfín sì pa márùn-ún nínú wọn. Igbó Orò kọ́ ló ṣe ìyẹn. Nítorí náà, òfin tí à ń bèèrè fún kò gbọdọ̀ yan ẹnì kan láàyò.

Àwọn ará wa ní òdìkejì bodè ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé ẹjọ́. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ògùn tó jókòó ní Ìpókíá ní kí wọ́n má ṣe sé ìlú mọ́ nítorí Orò lọ́sàn-án mọ́. Kó jẹ́ láàárín agogo 12 òru sí agogo 4 ìdájí. Adájọ́ kò pa Orò. Àkókò ló fún un. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó di pé a ń wọ ara wa lọ sílé ẹjọ́ kí a tó ṣe irú rẹ̀.

Ohun tí à ń bẹ àwọn ọba wa, àwọn àgbà awo, àwọn mẹ́rì Pobè àti Sakété, àwọn pásítọ̀ àti àwọn ìmáàmù ni pé kí wọ́n jókòó sójú kan. Kí wọ́n kọ ọjọ́ àti wákàtí Orò sílẹ̀, kí wọ́n kéde rẹ̀ lọ́jà àti lórí rédíò ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Kó jẹ́ òru. Kó má bọ́ sí ọjọ́ ọjà tàbí ọjọ́ ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé. Kí ọ̀nà ilé ìwòsàn má ṣe sé fún aláìsàn, aboyún àti agbẹ̀bí nígbà kankan, kí àwọn awo fúnra wọn yan ẹni tí yóò máa sìn wọ́n kọjá. Kí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí pẹ̀lú fi àdéhùn sílẹ̀ lórí gbohùngbohùn òru. Ẹnikẹ́ni tó bá sì lu ènìyàn tàbí tó gba owó lọ́wọ́ arìnrìn-àjò lórúkọ ẹ̀sìn, ọ̀daràn ni, kí ọlọ́pàá mú un.

Èyí kò lòdì sí Orò. Láyé àtijọ́, Orò gan-an ni ọwọ́ òfin ìlú. Òun ni wọ́n fi ń lé ọ̀daràn àti àrùn kúrò láàárín ìlú. Ohun tí a dá sílẹ̀ láti dáàbò bo ìlú, kò yẹ kó di ohun tí ará ìlú ń sá fún. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà wà ní Pobè, wọ́n wà ní Sakété. Kí wọ́n ṣe é kí Orò mìíràn tó dé.