Nítorí Ìpolówó, Ẹ Má Jẹ́ Kí A Pa Ìwé Ilé Wa Rẹ́

Ní ìpàdé àwọn ọmọ ilé wa ní ọdún tí ó kọjá, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó dójú ti gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀. A gbé kọ̀ǹpútà ilé kalẹ̀ láti fi orúkọ àwọn baálé wa àtijọ́ han àwọn olóyè tí ó wá bá wa jókòó. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án tí a ti ń kọ àwọn orúkọ náà sílẹ̀, a sì gba ohùn ìyá wa àgbà kan mọ́ wọn, níbi tí ó gbé ń ki oríkì ìran wa kí ó tó di olóògbé. Kí a tó ṣí ojú ìwé kejì, àwòrán obìnrin tí ó wà ní ìhòòhò yọ ní igun ìsàlẹ̀. Òmíràn tẹ̀lé e, ó ń pè wá sí ibi tẹ́tẹ́. Ẹ̀kẹta ń kígbe pé àrùn márùn-ún ti wọ inú ẹ̀rọ wa, kí a sanwó kíákíá. Olóyè kan yí ojú sí ògiri. Mo pa ẹ̀rọ náà dé.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé e lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe. Kò wò ó ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí ó fi wí fún mi pé, "Bàbá, fáírọ́ọ̀sì ni. A ó fọ́ọ̀mátì rẹ̀ ni." Mo bèèrè pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ó ní gbogbo rẹ̀ yóò lọ, ṣùgbọ́n kí n má ṣe ìyọnu, ẹ̀rọ náà yóò dà bí tuntun. Àwọn àgbà wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo gbé ẹ̀rọ mi, mo padà sí ilé. Mo sì jẹ́wọ́ pé ẹ̀bi tèmi ni pé kò sí ẹ̀dà kejì níbì kankan.

Ìdí tí mo fi ń kọ ìwé yìí nìyí. A ti gbé ìtàn ìdílé, àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti ohùn àwọn àgbà wa sínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ìyàtọ̀ láàrín ẹni tí ó wọlé wá jalè àti ẹni tí ó wọlé wá polówó ọjà. Nítorí àìmọ̀ yìí, a ń jẹ́ kí a pa iṣẹ́ ọdún púpọ̀ rẹ́ nítorí àìsàn tí wákàtí kan ó wò sàn.

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ń pè é ní adware. Ètò kan ni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa gbé ìpolówó sí iwájú ẹni tí kò bèèrè fún un, kí ẹni tí ó rán an lè rí owó gbà. A sì máa ṣọ́ ibi tí a ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó lè mọ ọjà tí yóò kiri fún wa. Kì í ran láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn bí fáírọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà fọwọ́ kan ìwé tí a kọ. Nítorí náà kò sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ pa ohun gbogbo rẹ́ nítorí rẹ̀.

Báwo ni ó ṣe wọlé? Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ni ó gba ètò kan tí a fi ń kó fídíò sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí ó ń gbé e sórí ẹ̀rọ, ó ń tẹ Next, Next, láìka ohun tí a kọ síbẹ̀. Nínú àwọn ojú ìwé tí ó ń sáré kọjá ni àpótí kékeré kan wà tí a ti fi àmì sí dè é, tí ó wí pé ó gbà kí ètò méjì mìíràn bá a wọlé. Ẹni tí ó ṣe ètò ọ̀fẹ́ náà ń gba owó lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí irú àwọn èrò ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ bá wọ̀.

Kí a má sì ṣe dá àwọn ọmọdé nìkan lẹ́bi. Ní oṣù kejì ọdún 2015 ni ó hàn sí gbogbo ayé pé ilé iṣẹ́ Lenovo ti ta àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, láti apá ìparí ọdún 2014, tí ètò ìpolówó kan tí à ń pè ní Superfish ti wà nínú wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rà wọ́n. Ètò náà dúró sí àárín ẹni tí ó ni ẹ̀rọ àti ibi tí ó ń lọ, títí kan àwọn ibi tí a fi èdìdì dì bí ilé ìfowópamọ́, kí ó lè rí àyè fi ìpolówó há a. Kọ́kọ́rọ́ kan náà ni ó wà nínú gbogbo àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, tí ó fi jẹ́ pé olè tí ó bá rí ọ̀kan ti rí gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 2017 ilé iṣẹ́ náà gbà láti san dọ́là 3,500,000 fún ìpínlẹ̀ 32 ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò tẹ Next kankan. Ní ilẹ̀ wa, òfin tí ó dáàbò bo dátà ọmọ ènìyàn, tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2023, wí pé dídákẹ́ ẹni kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ti pe àpótí kékeré ní ẹjọ́ rí?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ti ṣe é. Ìpolówó tí ó wà lójú ìwé ìròyìn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀rọ wa. Ti oníwèé ìròyìn ni. Èyí tí ó yẹ kí ó kọ wá lóminú ni ìpolówó tí ń yọ níbi gbogbo, tàbí tí ojú ìwé àkọ́kọ́ wa bá yí padà láìjẹ́ pé àwa ni a yí i, tàbí tí ohun tí a ń wá bá kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ àjèjì kan kọjá. Mo ṣí bíráúsà kejì, ìyẹn ètò mìíràn tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì. Àìsàn náà kò sí níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé inú ti àkọ́kọ́ ni púpọ̀ rẹ̀ wà.

Àwọn tí ń yọ ní igun ìsàlẹ̀, èyí tí ó dójú tì wá, kì í tilẹ̀ ṣe ètò rárá. Ìyọ̀ǹda ni. Ẹnìkan dé ibì kan, wọ́n ní kí ó tẹ Allow láti fi hàn pé ènìyàn ni òun, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó tẹ̀ ẹ́, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń ránṣẹ́ sí wa. Nínú Chrome, mo lọ sí Settings, mo wọ Privacy and security, mo wọ Site settings, mo dé Notifications. Orúkọ mọ́kànlá ni mo bá níbẹ̀, n kò mọ ọ̀kan. Mo yọ gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà mo wo Extensions, níbi tí àwọn àfikún kéékèèké máa ń fara pamọ́ sí, mo yọ méjì.

Ó wá ku èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ gan-an. Nínú Settings ti Windows, lábẹ́ Apps, a lè to gbogbo ètò gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí wọ́n wọlé. Àwọn mẹ́ta wà tí ó wọlé ní ọjọ́ kan náà. Ètò fídíò ni ọ̀kan, àwọn méjì yòókù ni èrò ẹ̀yìn rẹ̀. Mo tẹ Uninstall. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ mí pé kí n má ṣe lọ, ó sì kọ bọ́tìnì tí yóò dá a dúró ní ńlá, ó kọ èyí tí yóò lé e jáde ní kékeré. Ẹ fi sùúrù kà á. Ẹ má sì ṣe yọ ètò tí ẹ kò mọ̀ kìkì nítorí pé orúkọ rẹ̀ ṣàjèjì. Ẹ bèèrè ná.

Lẹ́yìn èyí mo jẹ́ kí Windows Security yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò, mo sì gba AdwCleaner, ètò ọ̀fẹ́ tí ó ti wà láti ọdún 2011, tí Malwarebytes rà ní ọdún 2016. Ọ̀dọ̀ Malwarebytes fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gbà á, nítorí àwọn ayédèrú wà. Ó fi ohun tí ó rí hàn mí kí ó tó yọ wọ́n. Ní ti ìkìlọ̀ àrùn márùn-ún yẹn, irọ́ ni: ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè yẹ inú ẹ̀rọ wa wò. Ẹ má ṣe pe nọ́ńbà tí ó bá wà níbẹ̀, ẹ má ṣe sanwó.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ ọmọdé ni èyí, pé kò yẹ olóyè. N kò gbà. Ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ yàrá tí àpótí ìdílé wà lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń ṣí i. Mo bẹ ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ̀ ọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà, kí wọ́n ṣe é lójú wọn. Kí a sì ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Tiwa ti ní ẹ̀dà méjì báyìí, ọ̀kan wà ní ilé mi, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ baálé. Ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, olóyè tí ó yí ojú sí ògiri ní kí a tún ohùn ìyá àgbà náà fi ṣe ẹ̀ẹ̀kejì.