Pàṣán Tí A Fi Na Ìyálé: Ìkórìíra Júù Kò Gbọdọ̀ Rí Àyè Nílé Òrìṣà



Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nínú àwọn ilé òrìṣà wa lókè òkun, a kò sì gbọdọ̀ dákẹ́ lórí rẹ̀. Bí a bá bọ òrìṣà tán, tí oúnjẹ délẹ̀, ẹnìkan á ní àwọn Júù ló ni gbogbo báńkì ayé. Èkejì á ní àwọn ló ń ti ẹ̀yìn aṣọ darí ìjọba. Ìyàwó òrìṣà tó jókòó sórí ẹní ń gbọ́ ọ, á sì rò pé ara ẹ̀kọ́ ni. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ awo. Irọ́ ni.

Ẹ wo bí irọ́ náà ti dàgbà tó. Nígbà tí ọmọdékùnrin kan kú ní Norwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1144, wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn Júù pé àwọn ló pa á. Ẹ̀sùn náà tàn ká Yúróòpù: wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ Kìrìsìtẹ́nì ni Júù fi ń ṣọdún. Ọ̀pọ̀ ló kú nítorí rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò mọ ẹ̀sùn yìí? "Wọ́n ń fi ènìyàn bọ òrìṣà." Ẹ̀sùn kan náà ni, orúkọ ẹni tí wọ́n fi kàn ló yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹran pípa náà ńkọ́? Òfin Júù ní kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ fi ọ̀bẹ mímú dúńbú ẹran, kí ó má kọ́kọ́ lù ú dákú. Swítsàlándì fòfin dè é ní 1893. Ní Jámánì, kò pé oṣù mẹ́ta tí Hitler gorí àlééfà ní 1933 tí ìjọba rẹ̀ náà fi dè é. Ní 1987, ìlú Hialeah ní Florida gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ kí ilé Babalú Ayé tí Ernesto Pichardo ń darí má baà rí ẹran bọ òrìṣà. Òfin náà yọ ẹran pípa ti Júù sílẹ̀, àwọn kan nínú wa sì ń tìtorí èyí bínú sí Júù. Ẹ má bínú sí wọn. Ẹ bínú sí pàṣán. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá wa láre ní 1993, ṣùgbọ́n pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá 2018, agbébọn kan wọ sínágọ́gù Tree of Life ní Pittsburgh, níbi tí ìjọ mẹ́ta ti ń jọ́sìn. Ó pa ènìyàn mọ́kànlá. Ìyá ẹni ọdún 97 wà lára wọn. Kí ni àwọn tó kù ṣe? Wọ́n tún péjọ. Láàárín Júù, àgbà mẹ́wàá gbọ́dọ̀ pé kí ọ̀fọ̀ tó lè ka àdúrà tó ń kà fún òkú rẹ̀. Bí ìbẹ̀rù bá mú kálukú jókòó sílé, ọ̀fọ̀ kò ní rí ẹni bá a ṣe àmín. Àwọn Mùsùlùmí dá owó tó ju 200,000 dọ́là lọ fún wọn. Ilé òrìṣà mélòó ló kọ ìwé ìbánikẹ́dùn? Kálukú mọ ìdáhùn tirẹ̀.

Ẹ kọ́ ọgbọ́n ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Ní Halle, ní Jámánì, lọ́jọ́ ààwẹ̀ ńlá wọn ní 2019, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì ló gba àwọn tó wà nínú sínágọ́gù là. Agbébọn náà pa ènìyàn méjì lóde. Ní Colleyville, ní Texas, ní 2022, Rábì Charlie Cytron-Walker gba àlejò kan, ó sì fún un ní tíì. Àlejò náà fa ìbọn yọ. Lẹ́yìn wákàtí mọ́kànlá, rábì náà ju àga lù ú, òun àti àwọn tó kù sá jáde. Ó ní ẹ̀kọ́ ààbò tí àwọn ti gbà ló gba àwọn là. Ní Bírítéènì, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ń bá Community Security Trust ṣọ́ sínágọ́gù, àjọ náà sì ń ṣàkọsílẹ̀ ìkọlù. Èṣù ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tiwa, síbẹ̀ a ń ti ilẹ̀kùn.

Ẹnìkan á ní: "Ìwé wọn ń bú òrìṣà." A kò ní kí ẹ bá wọn ka ìwé wọn. Kì í ṣe Júù ló kọlu ilé Mãe Gilda ní Salvador, ìyá olórìṣà tó kú ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2000, tí Brazil fi ọjọ́ náà ṣe ọjọ́ ìgbógunti ẹ̀tanú ẹ̀sìn. Ẹlòmíràn á ní: "Palẹ́síńì ńkọ́?" Ẹni tí ìyà àwọn ará Palẹ́síńì ń dùn, kó sọ ọ́, kó sì dárúkọ ìjọba tó ń bá wí. Ìyá arúgbó tó ń gbàdúrà ní Pittsburgh kì í ṣe ìjọba kankan.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyálórìṣà àti bàbálórìṣà, bí irọ́ yìí bá jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nílé yín, ẹ dá a lẹ́kun níbẹ̀, lójú ìyàwó. Bí wọ́n bá kọlu sínágọ́gù àdúgbò yín, ẹ lọ kí wọn pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Àṣẹ.