Ọlọ́pàá náà nílò ẹni tí yóò bá a gbẹnu sọ

Bí ọ̀rọ̀ owó oṣù bá dójú ẹ̀ fún àwọn tíṣà, alága ẹgbẹ́ NUT ni yóò pè wọ́n jọ, tí yóò ṣàlàyé ibi tí wọ́n bá ìjọba sọ̀rọ̀ dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn dókítà, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn olùkọ́ yunifásítì, àní àwọn onímọ́tò pàápàá ní alága. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó dúró sójú títì láti àárọ̀ di alẹ́, nínú oòrùn àti òjò, ta ni alága tirẹ̀? Kò ní.

Òfin ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin tó de ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ wa ka ọlọ́pàá mọ́ àwọn tí kò gbọdọ̀ dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ṣọ́jà, àwọn aṣọ́bodè àti àwọn tó ń ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tí ìjọba gbé ìbọn lé lọ́wọ́, bó bá ní òun kò ṣiṣẹ́ mọ́, ìlú lè dàrú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó lè lé ebi jáde nínú ilé. Àwọn àgbà ló sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa kò ní í tíì gbàgbé ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2002. Ọjọ́ náà ni àwọn ọlọ́pàá kéékèèké ní Èkó àti láwọn ibòmíràn kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nítorí owó wọn tó há sọ́wọ́ ìjọba. Ọjọ́ kejì ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Haúsá ní Ìdí-Àràbà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Ṣọ́jà ni wọ́n ní láti kó lọ síbẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta, Musiliu Smith tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá fipò sílẹ̀, Táfà Balógun sì bọ́ síbẹ̀. Ọ̀gá lọ, ọ̀gá dé, ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ kan tí òfin mọ̀, tí ìjọba lè pe alága rẹ̀ kó tó di pé ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ.

Láti ìgbà náà, ẹlòmíràn ló ń bá ọlọ́pàá sọ tẹnu rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn Channels ló fi ipò tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ọlọ́pàá ní Ìkẹjà wà han gbogbo ayé, kí Ààrẹ Goodluck Jonathan tó lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú síta lórí ọ̀rọ̀ SARS, ohun márùn-ún ni wọ́n béèrè. Ìkarùn-ún nínú rẹ̀ ni pé kí ìjọba fi kún owó oṣù ọlọ́pàá. Ẹ wò ó, àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn ìyà kan ọlọ́pàá ló tún ń bẹ̀bẹ̀ fún un! Oṣù kejìlá ọdún 2021 ni ìjọba Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí àfikún. Síbẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 2022, ariwo tún gba ìlú kan pé ọlọ́pàá fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Àhesọ kò ní ṣàì gbilẹ̀ níbi tí kò ti sí ẹni tó lè dìde sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé ibi báyìí ni ọ̀rọ̀ dé. Ọ̀gá àgbà kò lè ṣe é, nítorí ìjọba ló yàn án, àṣẹ ló sì ń pa.

Èyí tó dunni jù ni ti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 2025, àwọn àgbàlagbà tó ti fi ọjọ́ ayé wọn ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá dúró nínú òjò ní Àbújá, wọ́n ní kí ìjọba yọ ọlọ́pàá kúrò nínú ètò owó ìfẹ̀yìntì alájọdá, èyí tí àwọn ṣọ́jà ti kúrò nínú rẹ̀ láti ọdún 2011. Ìgbà tí wọ́n bọ́ aṣọ ìjọba tán ni ẹnu wọn tó là. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kọ́ ló dákẹ́, òfin ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó dá iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ fún wa ti rí irú èyí rí. Àwọn ọlọ́pàá London daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1918. Wọ́n tún ṣe é ní ọdún 1919, ó sì le jù ní Liverpool. Àwọn tó kópa nínú ti ẹ̀ẹ̀kejì pàdánù iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ọdún yẹn kan náà ni òfin dá Police Federation sílẹ̀. Ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ mọ́, àmọ́ ó ní aṣojú tó ń bá ìjọba jókòó, tó sì ń padà wá jábọ̀ fún wọn. Ní South Africa náà, ẹgbẹ́ POPCRU wà láti ọdún 1989. Òfin ibẹ̀ gbà kí ọlọ́pàá ní ẹgbẹ́, kò gbà kó daṣẹ́ sílẹ̀. Bí àwọn àti ìjọba kò bá gbọ́ra wọn yé, onílàjà ni yóò dá sí i.

Àwọn kan yóò ní ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa gbèjà ọlọ́pàá tó bá yìnbọn pa aláìṣẹ̀, wọn yóò sì tọ́ka sí Amẹ́ríkà, níbi tí aráàlú ti ń fi ẹ̀sùn yìí kan àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́pàá. Ìbẹ̀rù yẹn tọ́. Nítorí náà, kí òfin là á kedere: owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì, bárékè, ìgbéga àti irinṣẹ́ ni ti ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀, kó lọ rojọ́ níwájú Police Service Commission àti adájọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní abúlé lè bi mí pé kí ló kàn yín níbẹ̀. Ó kàn yín. Bí olè bá jí ewúrẹ́ yín, tẹ́ ẹ dé téṣàn, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ mú owó bẹntiróòlù àti owó pépà wá, ẹ̀yin lẹ ń san gbèsè tí ìjọba jẹ. N kò sọ pé kí á gba ìwà àbẹ̀tẹ́lẹ̀ láyè o, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀nà tó tọ́ bá dí mọ́, ọ̀nà ẹ̀bùrú ló máa ń gbà.

Bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá lè pa òfin ọlọ́pàá ti ọdún 1943 tì, tí wọ́n fi ti ọdún 2020 rọ́pò rẹ̀, wọ́n lè tún èyí náà ṣe. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kí wọ́n fún ọlọ́pàá ní ẹni tí yóò bá a gbẹ́ ẹ, kí òjò tó tún pa àwọn àgbàlagbà mìíràn ní Àbújá.