Ẹ̀sùn tí mo fi kan òfin owó ìfipamọ́ ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yin onídàájọ́, ẹni tí mo mú wá síwájú yín kì í ṣe ènìyàn. Òfin ni: òfin tó ń tú àkàǹtì wò lọ́wọ́ ẹni tó bá ń gba Universal Credit, owó ìrànwọ́ tí ìjọba Ìlú Ọba ń san fún aláìníṣẹ́, aláìsàn, àti òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò ká bùkátà. Bí owó ìfipamọ́ rẹ kò bá ju £6,000 lọ, òfin fi ọ́ sílẹ̀. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìrànwọ́ rẹ. Bó bá fi pọ́n-ùn kan péré kọjá £16,000, ìrànwọ́ parí. N kò sọ pé kí olówó wá máa jẹ owó aláìní. Ohun tí mò ń sọ ni pé òfin yìí kì í mú olówó. Tálákà tó mọ owó tọ́jú ló ń mú.

Ẹ̀sùn kìíní ni irọ́ pípa lórí èlé. Fún £250 kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí £6,000, títí kan àjẹkù tí kò pé £250, òfin a ní o ń rí £4.35 jẹ lórí rẹ̀ lóṣù, wọn a sì yọ ọ́ nínú ìrànwọ́ rẹ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ní oṣù méjìlá, ó di £52.20 lórí £250, èlé tó ju ogún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Báńkì wo ló ń san án? Láti oṣù kẹta ọdún 2020 títí di oṣù kejìlá ọdún 2021, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ṣọ́ọ̀bù pa tó sì dá òṣìṣẹ́ jókòó, 0.1% ni èlé ìpìlẹ̀ Bank of England. Òfin kò yí ohùn padà. Opó tó ní £10,000 ní àkàǹtì ń pàdánù £69.60 lóṣù, £835.20 lọ́dún, nítorí èrè tí kò fojú rí. Wọ́n purọ́ mọ́ owó rẹ̀, wọ́n wá ní kí ó san owó irọ́ náà.

Ẹ̀sùn kejì: òfin yìí dákú ní 2006, wọn kò sì jí i. Ọdún náà ni wọ́n gbé ààlà lọ sí £6,000 àti £16,000 fún àwọn ìrànwọ́ àtijọ́ tí Universal Credit jogún ní 2013. Ní ti ìrànwọ́ owó ilé, láti 1990 ni £16,000 ti wà níbẹ̀. Ohun tí £16,000 ń rà ní 2006, ó ju £25,000 lọ kí ènìyàn tó rà á lónìí. Kò sí aṣòfin kan tó dìde láti dín ààlà náà kù. Wọ́n kàn wò ó títí ó fi sún kì.

Ti tọkọtaya kò gùn. £16,000 ni ààlà ẹnì kan, £16,000 náà ni ààlà ẹni méjì. Ọkùnrin tó ní £9,000 ń gba ìrànwọ́ tí wọ́n gé díẹ̀. Obìnrin tó ní £9,000 náà rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kó sábẹ́ òrùlé kan, ó di £18,000, àwọn méjèèjì di aláìrígbà. Owó orí ìfẹ́ ni òfin yìí ń gbà.

Ẹ̀sùn kẹrin ni ẹnu méjì. Láti 2017, ìjọba kan náà ń rọ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n ṣí Lifetime ISA láti fi ra ilé: bí o bá fi £4,000 sí i lọ́dún, ìjọba á fi £1,000 kún un. Kí iṣẹ́ wá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́ náà, owó yẹn gan-an ni wọn yóò kà mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹni tó ti ní ilé tirẹ̀ ńkọ́? Ilé tó ń gbé, bó ti wù kí ó wọ́n tó, wọn kì í kà á. Ayálégbé tó ń kó owó ilé jọ ni ọ̀daràn.

Wàyí o, owó gọbọi. Ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ gba £20,000 ìdágbére. Kò lẹ́tọ̀ọ́ sí Universal Credit mọ́ títí owó náà yóò fi wálẹ̀. Ó dáa, kí ó ná an. Bó bá ná an, wọn a bi í pé kí ló fi ṣe. Gbèsè tó san, òfin gbà. Ṣùgbọ́n bó bá fi £5,000 ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ, tí aláṣẹ sì gbà pé torí àtirí ìrànwọ́ ló ṣe ṣe é, wọn yóò kà á bí ẹni pé owó náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ti lọ, iwin rẹ̀ ni wọ́n ń kà.

Ẹ̀sùn tó kù, àwa Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún ló kàn jù. Ẹ mọ àjọ. Ogún ènìyàn, £400 lóṣù. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o gba £8,000, ṣùgbọ́n £7,600 nínú rẹ̀ jẹ́ gbèsè tí yóò máa san fún oṣù mọ́kàndínlógún. Òfin kì í yọ gbèsè tí a kò fi dúkìá dúró fún. £8,000 ló rí, ó sì gé £34.80 lóṣù yẹn. Ìwé pélébé tí ìyá alájọ fi ń kọ orúkọ kò jẹ́ nǹkan lójú rẹ̀.

Ẹ sì mọ ilé. Ìyá ọlọ́mọ méjì tó ń tọ́jú arúgbó ní Peckham ti ń fi owó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn láti ọdún mẹ́wàá: ilẹ̀, ìpìlẹ̀, búlọ́ọ̀kù. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi ń kọ́ ọ nìyẹn. Àìsàn dé, iṣẹ́ dúró, ó béèrè ìrànwọ́. Òfin wo ilé náà, ó pè é ní dúkìá. Bó bá jẹ́ pé òbí tó ti dàgbà ló ń gbé inú rẹ̀, wọn ì bá fojú fò ó. Ṣùgbọ́n àbúrò tó lera ló ń ṣọ́ ọ, ní yàrá kan tí wọ́n ta páànù sí. Wọ́n ní kí ó sọ iye tó tó. Wọ́n ní bó bá ń wá oníbàárà, àwọn lè fún un ní oṣù mẹ́fà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ bí ó bá tọ́ lójú àwọn. Ẹ̀yin onídàájọ́, ta ni yóò ra ilé tí kò tíì ní òrùlé, kí ọmọ méjì ní Peckham tó rí oúnjẹ alẹ́ jẹ?